Ọjọ́ Tí A Bomi Sí Ọmọ Àbùùbùtán Lára

Ẹ̀yin ará Ṣakí, mo ti dé, ara mi sì le. Láti ọjọ́ tí mo ti padà ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, tí ẹ ń bi mí pé báwo ni Èkó, tí mo sì ń dá yín lóhùn pé Èkó dára. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kéré. Ohun tí mo rí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ ní ìdúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́, kí ẹni tó mọ̀wé lè kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ràbí, olùkọ́ kíláàsì kẹrin, ẹni tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó lè dúró lójú kan kó máa wo èèrà tó ń wọ́ òkú eṣinṣin lọ títí ọbẹ̀ yóò fi jóná. Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń kọ́ ọmọ nípa ẹranko, inú ìwé ni mo sì ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mi ò rí òkun rí. Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi gígùn, ẹ̀gbọ́n mi Sìdí ránṣẹ́ pé kí n wá bá òun dúró ní ṣọ́ọ̀bù òun ní Apple Junction, ní Festac ní Èkó. Mo ní kò burú, mo gbé wàrà àti èlùbọ́ dání, mo lọ.

Ilé tí wọ́n tò bí páálí

Festac kò jọ ìlú. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ìjọba kọ́ ọ fún àjọ̀dún àṣà, wọ́n sì tò ó bí ẹni ń to páálí mílíìkì: ilé kan lórí èkejì, òmíràn lórí ìyẹn. Àjà kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo pàdé obìnrin kan lórí àtẹ̀gùn, mo kí i bí a ti ń kíni nílé. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo bèèrè ọkọ, mo bèèrè ọmọ, mo bèèrè bí ilẹ̀ ti mọ́ bá wọn. Ó di báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin.

Ó ní, "Àǹtí, ta lẹ ń wá?"

Mo ní mi ò wá ẹnì kankan, mo kàn ń kí wọn ni.

Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sí Èkó o." Láti ọjọ́ náà lọ, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi, ó sì máa ń sín mi jẹ, tí yóò bèèrè ewúrẹ́ mi àti àgùntàn mi.

Oúnjẹ wọn náà tún jẹ́ àrà. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹran màlúù ni tiwa, ẹja tí a bá sì rí, ó ti gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹja tútù síwájú mi, tòun ti orí, tòun ti ojú, tó ń wò mí láti inú abọ́. Mi ò lè jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì mo fi ewé bo orí rẹ̀, mo jẹ ìyókù. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, orí náà ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè.

Ẹja tó ń rìn

Ìsàlẹ̀ ilé yẹn ni Bàbá Káyọ̀dé ń gbé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ẹja ló sì ti ṣiṣẹ́. Bàbá tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó ń wọ bàtà rọ́bà lọ síbi gbogbo, àní wọ́n ní ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò. Nígbà tó gbọ́ pé olùkọ́ ni mí, ó ní, "Olùkọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Ó mú mi lọ síbi tí ilé ti tán tí irà ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá ọ̀sà. Omi ti fà, ẹrẹ̀ dúdú ló kù nílẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Ó ní kí n má mira. Ìgbà náà ni ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹja ni, tó gùn tó ìka mi, ojú méjèèjì rẹ̀ yọ sókè lórí bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ó fi lẹ́bẹ́ iwájú gbá ara rẹ̀ lọ bí arọ tó ń fi ọwọ́ rìn, ó fò, ó balẹ̀, ó yíjú wò wá. Bàbá ní inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ń bu omi sí bí ẹni tó ń gbé omi mímu lọ sóko, awọ ara rẹ̀ ló sì fi ń mí, níwọ̀n ìgbà tí awọ náà bá ti tutù. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, ó parí.

Mo jókòó sórí ẹrẹ̀ yẹn tòun ti ìró mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó.

Bàbá náà jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní láyé ìgbà kan, kí èèyàn tó dé ayé rárá, alángbá ńláńlá wà tí ọrùn wọn ga ju ilé alájà mẹ́ta wa lọ. Wọn ò sí mọ́. Egungun wọn tó ti di òkúta ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń wú nílẹ̀. Ó ní síbẹ̀, nínú gbogbo ẹran, ti ìgbà náà àti ti òní, a ò tíì rí èyí tó tóbi tó àbùùbùtán tó tóbi jù nínú òkun, ó sì wà láàyè bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹja?"

Mo ní mo kà á nínú ìwé.

Ó ní, "Ẹ ò tíì ka èyí. Àwọn baba ńlá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn lórí ilẹ̀. Wọ́n padà sínú omi ni. Bí ẹ bá la lẹ́bẹ́ rẹ̀ títí dòní, egungun ìka ọwọ́ ló wà níbẹ̀, bíi ti èmi àti ẹ̀yin."

Mo wo ìka mi. Ẹ̀yin ará ilé, mo wo ìka mi títí a fi délé. Ẹ̀gbọ́n mi rí aṣọ mi tó kún fún ẹrẹ̀, ó ní, "Ràbí, torí ẹja lo ṣe wá sí Èkó?" Nínú ọkàn mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọkùnrin tó wá ra iyọ̀

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó jẹ́ àárọ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni. Ọkùnrin kan yọ, omi ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n. Sètónjì ni, apẹja láti abúlé àwọn Ẹ̀gùn tó wà ní òdìkejì ọ̀sà, létí òkun. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló máa ń kó ẹja gbígbẹ wá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun fẹ́ iyọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èló?"

Ó ní, "Gbogbo èyí tó bá wà."

"Kí lẹ fẹ́ fi gbogbo iyọ̀ ṣe?"

Ojú ọkùnrin náà ń dán. Ó ní, "Àǹtí Sìdí, àbùùbùtán gúnlẹ̀ sí etí omi wa ní ìdájí. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ṣé ẹ mọ ìtumọ̀ orúkọ yẹn? A ó bù ú, bù ú, kò ní tán."

Agolo mílíìkì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré lọ pe Bàbá Káyọ̀dé. Nígbà tí a padà dé, wọ́n ti so àpò iyọ̀ pọ̀. Bàbá bi Sètónjì léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ṣé ó ṣì ń mí?"

Ó ní, "Ó ń mí, sà. Kò ní pẹ́ kú."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ràbí, ọjà ń bẹ nílẹ̀ o." Mo ní mo máa dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa.

Òkun

A wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú iyọ̀ yẹn. Ẹ̀rù bà mí lórí ọ̀sà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti wà lọ́hùn-ún. A gúnlẹ̀, a la àárín igi àgbọn kọjá, mo sì gbọ́ ìró kan tí mo rò pé ẹ̀rọ ńlá ni. Sètónjì ní òkun nìyẹn.

Bí mo bá ní mo lè ṣàpèjúwe rẹ̀, mo ń tan yín ni. Mo ti rí odò Ògùn nígbà tó kún. Ìyẹn ní òdìkejì. Èyí kò ní. Ojú ọ̀run ló bá lọ, ó ń dìde, ó ń wó, ó sì tún ń dìde, bí ẹni pé wọ́n ní kó wá gba ilẹ̀ yìí lónìí, tí kò sì lè parí rẹ̀. Mo sọ "Allāhu Akbar" lábẹ́ ahọ́n, mo dúró, mo ń wò ó. Bàbá ló fà mí lọ́wọ́.

Ẹran náà dùbúlẹ̀ síbi kòtò omi kan láàárín yanrìn àti òkun. Omi ti fà, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, omi kò ju ìdajì ara rẹ̀ lọ. Gígùn rẹ̀ tó ti èèyàn mẹ́ta tó nà sílẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn. Ó dúdú, ó ń dán bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, lẹ́bẹ́ rẹ̀ méjèèjì gùn, wọ́n sì funfun nísàlẹ̀. Kókó kéékèèké wà lórí rẹ̀ bí eéwo, irun ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì hù lórí wọn. Mo rò pé òun ni àbùùbùtán.

Bàbá ní, "Ọmọ ni. Ọmọ tuntun."

Ìgbà náà ló mí. Ihò tó wà lórí rẹ̀ ṣí, afẹ́fẹ́ jáde púú, ó fín omi sí mi lójú. Mo fọwọ́ kan án. Ojú rẹ̀ tó ọsàn, ó yí i, ó wò mí. Ẹran ni mo ti ń rí láti kékeré ní Ṣakí, màlúù, àgùntàn, ìgalà. Mo mọ ìgbà tí ẹran bá ń wò mí nítorí oúnjẹ, mo mọ ìgbà tó bá ń wò mí nítorí ẹ̀rù. Èyí kàn ń wò mí láti mọ ẹni tí mo jẹ́ ni.

Àwọn ọkùnrin abúlé ti pọ́n àdá. Sètónjì nìkan ni wọ́n ń dúró dè, torí òun ló rí i.

Ọ̀rọ̀ Sènámi

Bàbá Káyọ̀dé bẹ̀ wọ́n. Ó ní omi yóò kún padà ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá lè jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù títí di ìgbà náà, yóò lọ. Sètónjì kò pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi dáhùn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí òkun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Gbogbo ilé tí ẹ rí yìí, gàrí ni wọ́n ń mu. Ìyàwó mi bímọ. Ọlọ́run gbé ẹran wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ẹ ní kí n da omi sí i lára?"

Kí ni mo fẹ́ sọ, èmi àlejò tó jẹ búrẹ́dì àti ẹyin láàárọ̀? Òótọ́ ló ń sọ. Mo kàn bọ́ ìborùn mi, mo rì í sómi, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ẹran náà níbi tí oòrùn ti ń pa á, mo yà á kúrò lójú ihò ìmí rẹ̀. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe.

Bàbá nawọ́ sí ojú òkun. Lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, omi kan tú sókè bí èéfín funfun, ó pòórá. Lẹ́yìn náà ẹ̀yìn dúdú kan yọ, ó gùn, ó gùn, mo rò pé kò ní tán. Ó lọ sápá ọ̀tún, ó yípo, ó tún padà.

Bàbá ní, "Ìyá rẹ̀ nìyẹn. Láti òkun tútù níkangun ayé ló ti wá bímọ síhìn-ín, torí omi wa gbóná. Kò sí oúnjẹ rẹ̀ níbí. Láti ìgbà tó ti dé ni kò ti jẹun, ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń sọ di wàrà fún ọmọ."

Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ti dúró lẹ́yìn wa, mi ò mọ ìgbà tó dé. Sènámi ni, ìyàwó Sètónjì. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan. Ó bi Bàbá léèrè pé, "Ẹ ní ó ń mu ọmú?"

Bàbá ní, "Ọmú ló ń mu."

"Ìyá rẹ̀ kò jẹun?"

"Kò jẹun."

Obìnrin náà wo òkun. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e fún ìyá àgbàlagbà kan, ó rìn wọnú kòtò omi yẹn, ó sì jókòó ti ọmọ àbùùbùtán náà, omi dé àyà rẹ̀. Ó sọ nǹkan kan fún ọkọ rẹ̀ ní èdè Ẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tó sọ. Ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo wà."

Sètónjì dúró pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó gún àdá mọ́ yanrìn. Ó kọjá lára mi láìwò mí, ó lọ gbé korobá.

Korobá, ìkòkò, agbada

Ẹ ò ní gbàgbọ́ iye èèyàn tó bu omi lọ́jọ́ yẹn. Korobá ni, ìkòkò ni, agbada tí wọ́n fi ń dín ẹja ni. A ń bu, a ń dà. Àwọn ọkùnrin fi ọwọ́ àti pákó gbẹ́ yanrìn lábẹ́ rẹ̀ kí ìwúwo ara rẹ̀ má baà pa á, torí Bàbá ní omi ló ń gbé e dúró láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ilẹ̀ yóò tẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pa. Gbogbo ìgbà tó bá mí, wọ́n á dákẹ́. Bó bá ti mí tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Mò ń da omi, mò ń bi Bàbá ní ìbéèrè, òun náà ń da omi, ó ń dáhùn. Ó ní àwọn akọ wọn ń kọrin lábẹ́ òkun, orin gígùn, tí gbogbo wọn jọ ń kọ ọ́ bákan náà, tí wọ́n sì ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń yípo. Sètónjì gbọ́. Ó ní, "Sà, òótọ́ ni. Bí èèyàn bá wà nínú ọkọ̀ tó gbé etí lé ìsàlẹ̀ rẹ̀, a máa ń gbọ́ ọ. Bàbá mi ní òkun ló ń sùn tó ń hanrun." Inú Bàbá Káyọ̀dé dùn débi pé ó jókòó sínú omi. Gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ìjọba, inú ìwé ló ti ń kà á, kò gbọ́ ọ rí.

Wọ́n fún wa ní gàrí pẹ̀lú àgbọn láti jẹ. Sènámi fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ àgbọn náà fún mi. Mi ò jẹ nǹkan tó dùn tó ìyẹn rí.

Nígbà tí oòrùn yí sí ìwọ̀-oòrùn, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn igi àgbọn: "Ràbí. Ràbíátù." Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọdún méjìlá ló ti ń gbé Èkó, kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, ó ní omi kì í ṣe ọ̀nà. Ó ti rò pé mo ti kú. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú ìbínú, bàtà lọ́wọ́, ó sì ti la ẹnu láti bú mi. Ìgbà náà ni ọmọ àbùùbùtán mí.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ó wo ojú ẹran náà, ojú náà wò ó. Kò bú mi mọ́. Ó tú ìborùn olówó iyebíye tó wà lórí rẹ̀, ó rì í sómi, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Omi padà

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ó kọ́kọ́ dé orúnkún wa, ó dé ìbàdí. Ọmọ náà mira. Sètónjì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwọ̀n ńlá gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá, wọ́n dì í mú lápá méjèèjì. Bàbá ń kígbe pé kí wọ́n má fa ìrù rẹ̀, orí rẹ̀ ni kí wọ́n yí sí òkun. Ìgbì kan dé, ó gbé e, ó tún jù ú padà. Ìkejì dé, ọmọ náà ṣubú lu ọkùnrin méjì, a rò pé ó ti ṣe wọ́n léṣe, wọ́n dìde, wọ́n tún di àwọ̀n mú. Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Ìgbì kẹta tóbi. Sètónjì ní, "Ó yá." Wọ́n tú àwọ̀n sílẹ̀. Ìrù náà lọ sókè, ó bọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi ti ẹja. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. A ò rí i mọ́.

A dúró. Omi nìkan là ń rí. Sènámi ti gba ọmọ rẹ̀ padà, ó ń fún un lọ́mú ní ìdúró, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú òkun.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, níbi tó jìnnà gan-an, èéfín funfun ńlá kan tú sókè. Kékeré kan sì tú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbogbo abúlé ké. Sètónjì sáré lọ bẹ́ẹ̀ létí omi, ó ń sáré tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ti ń lọ, títí a ò fi rí i dáadáa mọ́. Ó padà dé. Ó gbé àdá rẹ̀ kúrò nínú yanrìn, ó lọ fọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gé nǹkan kan.

Alẹ́ ọjọ́ náà, gàrí ni abúlé yẹn tún mu.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi kò ṣí ṣọ́ọ̀bù ní àsìkò. Ó to mílíìkì, ìrẹsì àti sádìnì sínú páálí mẹ́ta, ó ní kí n gbé ọ̀kan. Ó tún wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó ń ka àdúrà títí a fi gúnlẹ̀. Ó gbé gbogbo rẹ̀ síwájú Sènámi. Sènámi bi í pé kí ni gbogbo èyí wà fún. Ẹ̀gbọ́n mi kàn gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, ó kọjú sí òkun, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Lójú ọ̀nà ilé, ó ní bí mo bá dé Ṣakí, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun sunkún. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní kí n ròyìn ohun tí mo rí.